Gìtá Birmingham àti Gángan Òde Àríyá

Tí ìwé kan bá parí lọ́wọ́ mi, tí mo ti fi ránṣẹ́ sí olóòtú, ọ̀rọ̀ kì í dákẹ́ lórí mi lọ́jọ́ yẹn. Gbólóhùn á ṣì máa to ara wọn jọ bí mo ṣe ń fọ abọ́, bí mo ṣe jókòó nínú bọ́ọ̀sì, àti lóru nígbà tó yẹ kí n ti sùn. Ẹ̀dá ìtàn tí mo ti sin ní orí kẹsàn-án á tún jí, á ní òun ṣì ní nǹkan í sọ. Àsìkò yẹn gan-an ni mo máa ń wá tíkẹ́ẹ̀tì eré rọ́ọ̀kì kiri. Bí mo bá sì ti rí i rà, ayọ̀ ọmọ tí wọ́n rán aṣọ ọdún fún ló máa ń wọ̀ mí lára: mo ń ka ọjọ́, mo ń gbọ́ àwo orin ẹgbẹ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́.

London ni mo ń gbé, ìlú tí eré rọ́ọ̀kì kì í wọ́n. Ìlú yìí kan náà ni àwọn èèyàn wa ti ń gba gbọ̀ngàn ní Peckham àti Old Kent Road ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú àgbà, tí jùjú tàbí fújì á sì máa dún. Ibi méjèèjì ni mo ń lọ. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta bi mí lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń wá láàrin ariwo àwọn òyìnbó nígbà tí Sunny Adé wà? Orin tí ẹ ò gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń wí?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ó sì yẹ kí n fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, nítorí ohun tó pè ní àléébù yẹn gan-an ni mo ń sanwó lé lórí.

Ibi tí ohùn yẹn ti wá ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ní Birmingham, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Iommi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé páànù. Ọmọ ọdún 17 ni. Ọjọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni Iommi, ọwọ́ ọ̀tún yìí ló fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ọṣẹ ìfọbọ́, ó fi mọ ìbòrí sórí ìka tó gé náà, ó wá okùn tó fẹ́lẹ́, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn ọ̀hún sílẹ̀ kó má baà nira jù láti tẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, á wúwo. Ohùn wíwúwo ni wọ́n fi mọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, tó gbé àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1970, gbogbo ẹni tó ń ta gìtá líle títí dòní ló sì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn náà síta ní ìtàn tirẹ̀. Onílù ni Jim Marshall, ó ń kọ́ èèyàn ní ìlù, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Hanwell, lápá ìwọ̀-oòrùn London. Àwọn ọmọkùnrin onígìtá ń wá bá a níbẹ̀, wọ́n ń ráhùn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà wọ́n, kò sì dún tó. Ní 1962 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who tún padà wá bá a pé kò tíì tó, òun ń fẹ́ èyí tó tún ju ìyẹn lọ. Nígbà tó di 31 May 1976, ní pápá bọ́ọ̀lù Charlton, wọ́n wọn ohùn The Who, ó jẹ́ décíbẹ̀lì 126, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ni ẹgbẹ́ tó dún jù láyé.

Iná mànàmáná wọ jùjú náà. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan dara pọ̀ mọ́ orin yẹn, máìkì àti gìtá oníná sì wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn tiwa fi iná ṣe. Àwọn ọmọ Birmingham fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, àwọn oníjùjú fi gbé ọ̀rọ̀ sókè. Bí máìkì ṣe mú kí ohùn akọrin borí, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù púpọ̀ sí i, kí akọrin wí tirẹ̀, kí gángan dá a lóhùn, kí gìtá tún un wí. Nígbà tí Sunny Adé mú gìtá pedal steel wọlé, irin iṣẹ́ tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò, lọ́wọ́ Demola Adepoju ó di ohun tó ń sunkún, tó ń pe èèyàn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fọhùn. Kò sí ohun tó wọ jùjú tí wọn kì í kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìdí rèé tí jùjú fi ń di iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ní àríyá kan ní Old Kent Road, onígángan kan yà wá sídìí tábìlì wa. Ó ti bi ẹnì kan ní orúkọ bàbá mi àti ìlú tí a ti wá. Ó fi ìlù sábẹ́ apá, ó fún ọṣán mọ́wọ́, ó pe orúkọ bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi ibẹ̀ kọjá sínú oríkì ìlú wa. Ojú mi ló tẹjú mọ́, ó ń wò ó bóyá mo gbọ́. Mo gbọ́. Mo dìde, mo jó, mo ná owó fún un. Àmọ́ ó ti ju òwe kan sí àárín oríkì náà, òwe tí mo mọ̀ lọ́nà mìíràn, tí òun yí ìdí rẹ̀ padà, tó sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń jó ni mo ń tún un sọ lẹ́nu kí n má gbàgbé. Mo padà jókòó, mo yá bírò lọ́wọ́ màmá kan, mo kọ ọ́ sórí tíṣù tí epo jọ̀lọ́ọ̀fù ti kàn. Màmá náà wò mí tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, o ò ní jókòó kó o jẹun ni?"

N kò lè jókòó jẹun. Etí òǹkọ̀wé kò lè wọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ tó báyẹn kó fọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo ẹsẹ orin ni mo ń wọ̀n wò: ibi tí akọrin ti dárúkọ ènìyàn láì bú u, ibi tó ti tọrọ owó láì ní òun tọrọ. Ìdùnnú ńlá ni, n kò sì ní fi du ara mi. Ìsinmi ni kì í ṣe.

Ní Brixton ẹ̀wẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1929 fún sinimá, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Brixton Academy. Ó ń gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn, ilẹ̀ rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà ìtàgé, tí ẹni tó wà lẹ́yìn fi ń ríran bí ẹni iwájú. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan á jáde wá dán gìtá wò. Á ta á lẹ́ẹ̀kan péré, èrò á hó. Iná á kú. Nínú òkùnkùn yẹn, àyà mi máa ń lù kìkì, bó ti wù kí n ti lọ tó. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé, àyà ni mo sì fi ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Gìtá á wá bo gbogbo rẹ̀. Akọrin á la ẹnu, n kò ní gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan nínú márùn-ún lọ, kò sì sí gbólóhùn tèmi kankan tó lè dúró lórí mi láàrin ohùn yẹn. Ẹ̀dá ìtàn orí kẹsàn-án á dákẹ́. Kò tún ní jí mọ́.

Mo máa ń fi fóòmù dí etí, ẹ jọ̀wọ́. Townshend tí mo dárúkọ lókè ti sọ léraléra bí ariwo ṣe ba etí òun jẹ́, èmi sì nílò etí mi fún iṣẹ́.

Níwájú ìtàgé, àwọn ọ̀dọ́ á ṣí àyè róbótó láàrin èrò, wọ́n á máa sáré yí i po, wọ́n á máa fi èjìká kọ lu ara wọn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìjà ni. Kó dúró wò ó dáadáa. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ọ̀pọ̀ ọwọ́ á ti gbé e dìde kí ẹsẹ̀ tó kàn án. Mo rí ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan níbẹ̀, tó fín ara dé ọrùn, tó dédé dá ijó dúró. Ó na bàtà ẹsẹ̀ kan sókè lórí gbogbo èrò, kò mì, títí ẹni tó ni ín fi ta kánkán dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fún un ní bàtà, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó padà sínú eré. Wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Èmi náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ mọ ìlú mi, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ìwé tuntun dé ibo. Ní òde àríyá, orúkọ ẹni ń ṣíwájú ẹni wọlé, ohun iyì ni. Fún oṣù púpọ̀ tí mo fi ń kọ ìwé, èmi nìkan ni mo ń jẹ́ gbogbo orúkọ inú rẹ̀, ó sì máa ń wù mí kí n lo alẹ́ kan láì jẹ́ ẹnikẹ́ni.

N kò lè dárúkọ Brixton Academy kí n sì fo alẹ́ 15 December 2022. Asake ló fẹ́ kọrin lọ́jọ́ náà, ọmọ wa tó ń kọ orin tí fújì hàn ketekete nínú rẹ̀. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kọjá àlà, wọ́n fún ara wọn mọ́ra, èèyàn méjì sì bá a lọ: ọ̀kan wá wo eré, èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́ ààbò. Wọ́n ti ilé náà pa ju ọdún kan lọ, April 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí. Láti ìgbà náà, bí mo bá wọ ibi eré, ẹnu ọ̀nà àbájáde ni mo kọ́kọ́ ń fojú wá kí n tó wo ìtàgé. Lórí èyí, òde àríyá ló borí láì sí àní-àní. Àga mi wà níbẹ̀, orúkọ mi wà lórí tábìlì, àwọn ọmọdé ń sùn lórí àga méjì tí wọ́n so pọ̀, ìyá àgbà sì lè jó láàrin gbọ̀ngàn kí gbogbo ènìyàn yà fún un.

Lórí ọ̀rọ̀ àkókò náà, jùjú ló borí. Ní 14 July 2012, Bruce Springsteen ń ṣeré ní Hyde Park, ó pe Paul McCartney jáde síta kí wọ́n jọ kọrin. Àkókò tí ìjọba fọwọ́ sí kọjá, wọ́n sì gé ohùn wọn. Àwọn méjì tó lórúkọ tó báyẹn, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹnu wọn ń mì, ohùn kò jáde. Nílé, olórin jùjú á gbé orin títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí iná bá sì lọ, gángan kò nílò iná.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju àkókò lọ ni ẹni tó ń darí orin. Àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, àtòkọ orin ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀ láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ní Glasgow lánàá ni wọ́n ń kọ ní London lónìí. Mo fẹ́ràn ìwé pélébé yẹn. Ọgbọ́n wà nínú ibi tí wọ́n fi orin tútù sí, àti nínú bí wọ́n ṣe ń pa orin tí gbogbo ènìyàn wá gbọ́ mọ́ di ìparí, mo sì ti to orí ìwé lọ́nà yẹn rí. Àmọ́ olórin jùjú kò ní ìwé nílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Bí àlejò pàtàkì bá wọlé, orin á yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ìyá ọlọ́jọ́ìbí bá dìde jó, akọrin á fa ẹsẹ orin náà gùn, á wá ọ̀rọ̀ tuntun sí i lójú ẹsẹ̀, àwọn elégbè á gbè é láì kọsẹ̀. Orin kan náà kò lè jọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, lójú tèmi, jùjú ju rọ́ọ̀kì lọ, n kò sì rò pé wọ́n súnmọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ní ohun tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu lásán ni olórin àríyá ń kọ kò tíì fi etí sí i.

Ti owó kò gùn. Eré rọ́ọ̀kì ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ń gba owó ọkọ̀, ó parí. Òde àríyá ń gba aṣọ ẹbí, ẹ̀bùn àti owó tí a ó ná fún olórin, ó sì tún ń mú un dé ọwọ́ mi padà nígbà tí ó bá kàn mí. Mo ń san méjèèjì tayọ̀tayọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì ni rọ́ọ̀kì àti orin ilẹ̀ wa sí ara wọn. Ní 1971, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ Land Rover gba aginjù Sàhárà kọjá títí ó fi dé Èkó. Ó bá Fẹlá ṣe àwo ní ọdún náà, nígbà tó yá, ó dá sitúdíò sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tó bá a ṣeré, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀, wọ́n ń ta rọ́ọ̀kì pọ́ńbélé ní Èkó. McCartney náà dé ní 1973, ó gba ọ̀pọ̀ nínú orin àwo *Band on the Run* sílẹ̀ ní Apápá. Tony Allen ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940, òun àti Fẹlá ni wọ́n jọ fi ìlù gbé Afrobeat kalẹ̀, nígbà tó sì di 2007, òun ló jókòó sídìí ìlù nínú ẹgbẹ́ kan tí Damon Albarn kó jọ ní London, pẹ̀lú Paul Simonon tó wà nínú ẹgbẹ́ The Clash tẹ́lẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, Tony Allen kì í lu ìlù ní ìlùkulù. Ó ń fọwọ́ rọra ṣe é ni, ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá jẹ́ òun ló wà nídìí ìlù nínú àwo tí mo ń gbọ́, ariwo gìtá kì í lè bo ọ̀rọ̀ orí mi mọ́lẹ̀. Mo tún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ gbólóhùn.

Èmi nìkan kọ́ ni òǹkọ̀wé tí eré orin ń fà jáde nílé. Stephen King àti Amy Tan wà nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan tó jẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé ló kún inú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Wọlé Ṣóyínká gbé àwo orin jáde ní 1983. Ní 1993, nígbà tí ikú ń dọdẹ Salman Rushdie nítorí ìwé tó kọ, ó jáde sórí ìtàgé ẹgbẹ́ U2 ní Wembley níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Mo máa ń ronú nípa bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ti máa rí lójú ẹni tó ti ń fara pamọ́ láti ọdún pípẹ́.

Ní 5 July 2025, Black Sabbath padà sí Birmingham, sí Villa Park, ní àdúgbò Aston tí wọ́n ti wá, láti dágbére. Kọ̀ǹpútà ni mo fi wò ó nílé, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì ti tán. Akọrin wọn, Ozzy Osbourne, kò lè dìde mọ́ nítorí àìsàn, orí àga ńlá dúdú kan ló jókòó sí tó fi kọrin. Iommi, ọmọ ọdún 77, ta gìtá náà bó ṣe wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 22 July, Ozzy kú. Mo rí gbogbo ojú wọn lórí kọ̀ǹpútà yẹn ju bí ẹni tó wà lórí pápá ti lè rí i lọ, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ orin. Ohun tó sọnù ni èyí tí ń lu àyà. Lálẹ́ ọjọ́ eré náà, gbólóhùn kò kúrò lórí mi.

Torí náà, èsì tí mo fún àbúrò mi ni pé ọ̀kan kò lè gba ipò èkejì, àkókò wọn ló yàtọ̀. Rọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ ń lọ bí ìwé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, kó bá mi gbá ohun tó ṣẹ́kù jáde. Bí orí mi bá ti mọ́, tí mo ti ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun, òde àríyá ló kàn, níbi tí wọn kì í ti í fi ọ̀rọ̀ ṣahun. Nígbà tí mo bá yí ètò yìí padà, ìwé tuntun ń fi ẹnu ìwé àtijọ́ sọ̀rọ̀ ni.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi báyìí á kúrò nílé kí oṣù yìí tó parí. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Brixton náà ni, ẹgbẹ́ tí gìtá wọn wúwo dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ọgọ́ta ọdún ní Peckham, aṣọ ẹbí ti dé ọwọ́ mi, mo sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi mí sí tábìlì tó súnmọ́ àwọn onígángan jù.